Kí la ó pe òfìfo tí kò ṣófo?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, àwọn kan ń sọ pé èdè wa kò lè gbé físíìsì. Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó le nínú rẹ̀ wò, ohun tí Faransé ń pè ní énergie du vide.

Ẹ kó afẹ́fẹ́, ìmọ́lẹ̀ àti ooru kúrò nínú àpótí kan pátápátá: nǹkan ṣì kù níbẹ̀ tí kò ṣeé kó. Ní 1948, Casimir, ará Họ́láǹdì, ṣírò rẹ̀ pé bí awẹ́ irin méjì bá súnmọ́ ara wọn gan-an nínú irú òfìfo bẹ́ẹ̀, wọn yóò máa fa ara wọn. Lamoreaux wọ̀n ọ́n ní Amẹ́ríkà ní 1997. Ní 1974, Hawking fi hàn pé òfìfo yìí kan náà ló ń mú kí ihò dúdú máa tan ooru jáde. Nínú ihò náà lọ́hùn-ún, níbi tí ìṣirò Einstein ń já sí, gẹ́gẹ́ bí Penrose ti fi hàn ní 1965, òfìfo lè lágbára débi pé òun fúnra rẹ̀ yóò máa tẹ àyè àti àkókò.

Vide tí àwa ọmọ ilé-ìwé Faransé ń gbọ́ láti CI kò ràn wá lọ́wọ́ níbí. Ẹ gbọ́ Yorùbá. Òfo, àdánù wà nínú rẹ̀. Asán, ohun tí kò níláárí ni. Ṣùgbọ́n igbá òfìfo, igbá ṣì wà. Omi ni kò sí níbẹ̀. Òfìfo ló bá a mu.

Énergie ni ìjà wà. Àwọn kan a máa kọ agbára. A kò fara mọ́ ọn: force ńkọ́? Puissance ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fi agbára sílẹ̀ fún force, ká mú okun fún énergie. Okun inú la fi ń gbé tìta, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Okun òfìfo, ó tán.

Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ ọmọdé ní sáyẹ́ǹsì ní Ifẹ̀ láti 1970. Èdè-Ìperí tí Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, ti èdè àti lítíréṣọ̀ ni. Bí a bá dúró de Nàìjíríà fún ti físíìsì, Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò máa wò ṣẹ̀dá rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé IMSP wà ní Dangbo tiwa láti ìgbà pípẹ́. Kí ẹnikẹ́ni tó fi okun àti òfìfo síwèé, kó kọ́kọ́ gbé wọn dé Tré, kó bi àwọn àgbà léèrè ohun tí wọ́n jẹ́ lẹ́nu Ìdáàṣà.

Singularité ni a kò tíì fẹ́ sọ lórúkọ. Àwọn onífísíìsì fúnra wọn kò tíì fẹnu kò bóyá ibì kan ni lóòótọ́. Kó ṣì máa jẹ́ «ibi tí ìṣirò pin sí» ná.