Oko Kì Í Jẹ́ Ti Baba àti Ọmọ Kí Ó Má Ní Ààlà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní oko kì í jẹ́ ti baba àti ọmọ kí ó má ní ààlà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ láàrin baba àti ọmọ bíbí inú rẹ̀, báwo ni ó ṣe yẹ kí ó rí láàrin onílẹ̀ àti àlejò tí ó mú owó dání wá? Síbẹ̀, àìmọye ènìyàn ni ó ń ra ilẹ̀ ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó láìmọ ààlà, láìmọ ẹbí, láìmọ ìtàn, tí wọn yóò sì wá máa ké gbàjarè nígbà tí ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Ẹ wo obìnrin tí ó ń ra èlùbọ́ ní Ọjà Ọba, níwájú ààfin Déjì. Yóò bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, yóò gbóòórùn rẹ̀, yóò tọ́ ọ wò, yóò sì dé ìsọ̀ mẹ́ta kí ó tó tú owó nídìí aṣọ. Èlùbọ́ tí kò ní ju ọ̀sẹ̀ kan lọ nílé ni ó ń ṣe gbogbo èyí fún. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí obìnrin kan náà bá fẹ́ fi owó èsúsú ọdún mẹ́wàá ra ilẹ̀, ìtìjú ni yóò bò ó mọ́lẹ̀. Ó rò pé bí òun bá kúnlẹ̀ tí òun wí pé, “Bàbá, ẹ má bínú, àwọn ta ni ẹ jọ ni ilẹ̀ yìí?”, òun ti rí àgbà fín. Ìrònú yìí gan-an ni ó ń ba ọ̀pọ̀ ilé jẹ́. Ìbéèrè kì í ṣe ìwọ̀sí. Àgbà tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kì í bínú sí ẹni tí ó béèrè. Ẹni tí ó bá bínú ti dáhùn ìbéèrè náà.

Ìbéèrè kìn-ín-ní ni pé, ta ni ó lẹ́tọ̀ọ́ láti tà? Nínú àṣà, ilẹ̀ ìdílé kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Ti àwọn tí ó ti lọ ni, ti àwọn tí ó wà láàyè ni, ti àwọn tí a kò tí ì bí sì ni pẹ̀lú. Nígbà tí Olóyè Olúwa ti Èkó, Àmọ́dù Tìjání, gbé ẹjọ́ ilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, ìdájọ́ tí ó jáde ní ọdún 1921 fi ìdí èyí múlẹ̀ pé ìlú, abúlé tàbí ẹbí ni ó ni ilẹ̀. Nítorí náà, olórí ẹbí pẹ̀lú àwọn àgbà tí ó dúró fún ìdí-igi kọ̀ọ̀kan ni ó gbọ́dọ̀ tà á. Bí àwọn ọmọ ẹbí bá tà á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òtúbáńtẹ́ ni títà náà. Bí olórí ẹbí bá sì dá a tà, tí kò fi lọ àwọn àgbà yòókù, wọ́n lè gba kóòtù lọ kí wọ́n sì wọ́gi lé e. A kò sì gbọ́dọ̀ gbàgbé àwọn ọmọbìnrin. Láti ìgbà ẹjọ́ Lopez ní Èkó ní ọdún 1924 ni ilé ẹjọ́ ti sọ pé ọmọbìnrin Yorùbá ní ẹ̀tọ́ nínú ohun ìní ìdílé baba rẹ̀. Ẹni tí ó ra ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin ilé nìkan, tí kò béèrè àwọn tí ó wà nílé ọkọ, ti ra ẹjọ́ mọ́ ilẹ̀.

Ìbéèrè kejì ni pé, ṣé rìsíìtì tó? Kò tó. Rìsíìtì fi hàn pé owó kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kejì. Kò sọ bóyá ẹni tí ó gbowó ni ó ni ọjà. Àwọn baba ńlá kò ní rìsíìtì, ṣùgbọ́n ètò wọn kò dẹ̀. Lójú ẹlẹ́rìí ni a ti ń san owó, lójú ẹlẹ́rìí ni a sì ti ń fa ilẹ̀ léni lọ́wọ́. Wọn a rìn yí ààlà ká, wọn a fi pérégún sàmì, wọn a mú àwọn ọ̀dọ́ lẹ́yìn kí ó lè yé wọn, kí ẹ̀rí má baà kú mọ́ àgbà lẹ́nu. Kóòtù ṣì ń bọ̀wọ̀ fún irú títà bẹ́ẹ̀ títí di òní.

Àmọ́ ayé ti yí. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta, ọdún 1978, ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ṣe Òfin Ìlò Ilẹ̀, èyí tí ó fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ àṣẹ gómìnà. Òfin náà kò lé ẹbí kúrò lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń lò, ṣùgbọ́n ó pàṣẹ pé ẹni tí ó bá fẹ́ ta ẹ̀tọ́ tí ó wà lábẹ́ àṣẹ gómìnà tàbí kí ó fi dúró fún gbèsè gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda gómìnà. Nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo ní ọdún 1989, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé ọ̀ranyàn ni ìyọ̀ǹda yìí, bí ẹni náà tilẹ̀ ti ní ilẹ̀ rẹ̀ kí òfin tó dé.

Níbí ni àwọn kan ti ń ṣì í rò. Wọ́n ní bí C of O bá ti wà lọ́wọ́, kí ni a tún ń wá ẹbí kiri sí? Ilé ẹjọ́ kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí lásán ni ìwé náà. Bí a bá rí ẹlòmíràn tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ lágbára ju ti ẹni tí ó gbà á lọ, a lè fagi lé e. Igi tí kò ní gbòǹgbò kì í dúró nítorí pé a kun ún ní ọ̀dà. Àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ òyìnbó ni ìwé, pé àwọn àgbà lójú ọjà ti tó. Àwọn náà ṣì í, nítorí àgbà ń kú, pérégún sì ṣeé hú lóru.

Ní agbègbè Oǹdó, níbi tí kòkó ti pọ̀, ọ̀ràn ìṣákọ́lẹ̀ tún wà níbẹ̀. Ẹni tí baba rẹ̀ ti ń san ìṣákọ́lẹ̀ láti àádọ́ta ọdún kò di onílẹ̀. Ní ọdún 1991, nínú ẹjọ́ Abioye àti Yakubu, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé òfin 1978 kò sọ alágbàro di onílẹ̀, kò sì gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó fi í fún un. Ẹni tí ó bá ra ilẹ̀ lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ra ohun tí olùtà kò ní.

Kí ni kí olùrà ṣe? Kí ó bi àwọn tí ó pààlà pẹ̀lú ilẹ̀ náà. Kí ó mú àwòrán ilẹ̀ tí awọnlẹ̀ tí ìjọba mọ̀ yà lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Àkúrẹ́, kí wọ́n wò ó bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà tàbí bóyá ẹlòmíràn ti forúkọ sílẹ̀ lórí rẹ̀. Kí ó wádìí ní kóòtù bóyá ẹjọ́ wà lórí rẹ̀. Kí ó jẹ́ kí agbẹjọ́rò kọ ìwé àdéhùn, nítorí òfin kò gbà kí ẹni tí kì í ṣe agbẹjọ́rò gba owó iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn èyí, kí ó gba ìyọ̀ǹda, kí ó sì fi orúkọ sílẹ̀. Owó tí yóò ná lórí èyí yóò dùn ún, ṣùgbọ́n kò tó owó ilé tí a wó.

Ẹ̀bi kò sí lọ́rùn olùrà nìkan. Àwọn ẹbí tí ó ń ta ilẹ̀ kan náà fún ènìyàn méjì ń ta orúkọ baba wọn. Ó yẹ kí ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan tí a kọ gbogbo ilẹ̀ tí ó kù àti èyí tí a ti tà sí, kí àgbà ìdí-igi kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà rẹ̀. Ó sì yẹ kí àwọn olùkọ́ kọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní ọ̀rọ̀ yìí, nítorí àwọn ni yóò jogún ilẹ̀ àti ẹjọ́ rẹ̀.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí àwọn àgbà bá jókòó nígbà tí a ń ta ilẹ̀, kí wọ́n sọ òtítọ́ nípa rẹ̀. Bí olùrà bá sì dé, kí ó béèrè. Abéèrè kì í ṣìnà.