Kí A Tó Sanwó Ilé, Kí A Gbọ́ Ohun Tí Bíríkìlà Wí

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa l'ọ́jà Ìbà,

Ọ̀rọ̀ ilé ríra la fẹ́ sọ lọ́tẹ̀ yìí. Púpọ̀ nínú wa ló ń dá èésú nítorí àtinílé. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n owó tí a fi ogún ọdún kó jọ, ọjọ́ kan ṣoṣo la fi ń san án.

Ọ̀kan nínú wa ra ilé lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn. Ó mú bíríkìlà lọ wò ó. Bíríkìlà ní, "Ìyá, ògiri ẹ̀yìn yìí ti ń rì." Ìyá rò pé kí wọ́n sáà ti rẹ́ ẹ ni. Wọ́n rẹ́ ẹ, wọ́n kùn ún, ó sanwó. Nígbà tí òjò ọdún kejì máa fi dé, ọwọ́ àgbà ti ń wọ inú ògiri náà. Ẹlòmíràn sì sá fún ilé tó dára nítorí pé wọ́n ní páànù rẹ̀ ti dógùn-ún. Àwọn méjèèjì ló mú oníṣẹ́ lọ, àmọ́ kò sí èyí tí ohun tó gbọ́ yé.

Ṣebí a mọ bí a ṣe ń ṣa tòmátò? Èyí tó rà, a ó dà á nù. Èyí tó fara pa, a ó já owó rẹ̀ wálẹ̀. Èyí tí eruku kàn bò, a ó nù ún. Bẹ́ẹ̀ náà ni àléébù ilé rí.

Èkíní ni èyí tó yẹ ká sá fún, àfi tí ẹnjiníà bá wò ó: ògiri tó là láti ìpìlẹ̀ bí àtẹ̀gùn, tí owó ẹyọ lè wọ̀; òpó kọnkéré tí irin rẹ̀ ti yọ síta tó sì ti dógùn-ún. Bí ẹ kò bá mọ̀ bóyá ó ṣì ń là sí i, ẹ fa ìlà sí ibi tó là dé, ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ padà wá wò ó lẹ́yìn òjò.

Èkejì ni èyí tó ń já owó wálẹ̀: ikán nínú igi àjà, páànù tó ń jò, kànga tó sún mọ́ ṣáláńgá. Wolé-wolé á ní kí wọ́n jìnnà síra tó 30 mítà. Ẹ bi oníṣẹ́ ní iye tí àtúnṣe máa jẹ, kí ẹ yọ ọ́ nínú owó ilé.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀dà tó ṣí, àti rírẹ́ tó sán tín-ín-rín bí irun orí. Ìyẹn ò tó nǹkan.

Ní ìlú wa níbí, títí dé Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù, ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ pọ̀. Kò burú, ọ̀pọ̀ wọn ló ti pẹ́. Ṣùgbọ́n bí omi bá gba ẹ̀yìn sìmẹ́ǹtì wọlé, amọ̀ á máa rọ̀ nínú, ìta á sì máa dán. Ẹ kan ògiri náà, ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún. Ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ẹ má ṣe gbọ́ kí ẹ dákẹ́. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2019, ilé kan tí ilé ìwé wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fàájì l'Ékòó, ó sì pa àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba ní àwọn ti sàmì sí ilé náà tẹ́lẹ̀ pé wíwó ni. Àmì wà, èèyàn ṣì wà nínú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ra ilé, kó wá sọ fún ẹgbẹ́, kí èèyàn méjì bá a lọ. Bíríkìlà tiyín ni kí ẹ mú lọ, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á. Ẹ bi í pé: Kí ni èyí? Kí ló fà á? Èló la máa ná sí i? Kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé, ọmọ rẹ̀ á kà á fún un.

Ilé tí a ó rà, a ò ní fi sunkún o. Àṣẹ.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́