Ta Ni Yóò Dáhùn fún Dátà Sẹ́ńtà Ojú Òfurufú?

Láàárín ọjọ́ mẹ́ta ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìròyìn méjì jáde ní Amẹ́ríkà tó yẹ kí gbogbo wa fetí sí. Ilé-iṣẹ́ Starcloud fi rọ́kẹ́ẹ̀tì SpaceX gbé sátẹ́láìtì kan lọ sí òfurufú. Ṣíìpù H100 ti Nvidia, irú èyí tí wọ́n fi ń kọ́ ọgbọ́n àtọwọ́dá níṣẹ́, ló wà nínú rẹ̀. Google náà kéde pé òun àti Planet Labs yóò fi sátẹ́láìtì méjì ránṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2027 láti dán irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wò, wọ́n sì pè é ní Suncatcher. Dátà sẹ́ńtà, ilé ńlá tí àwọn kọ̀ǹpútà ti ń tọ́jú àkọsílẹ̀ báńkì, fọ́tò àti ọ̀rọ̀ wa, ni wọ́n fẹ́ gbé kúrò nílẹ̀.

Èmi kò bá wọn jà lórí èrò náà, nítorí ìdí rẹ̀ ṣe kedere. Àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára lágbàáyé, IEA, ṣírò pé dátà sẹ́ńtà jẹ nǹkan bí ìdá kan ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún iná mànàmáná tí ayé lò lọ́dún 2024, pé iná tí wọ́n ń jẹ yóò sì ju ìlọ́po méjì lọ tó bá di 2030. Wọ́n ń mu omi, wọ́n ń gba ilẹ̀, àwọn ará àdúgbò sì ń fárígá. Lókè lọ́hùn-ún, ọ̀nà kan wà tí sátẹ́láìtì lè gbà yípo ayé tí oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ̀ fún un. Google ní páńẹ́lì sólà lè mú iná wá níbẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́jọ èyí tó ń mú wá nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé òtútù òfurufú yóò fẹ́ ooru kọ̀ǹpútà lọ. Bí àlàfo tí kò ní afẹ́fẹ́ lára fúláàsì ṣe ń jẹ́ kí omi tíì gbóná títí di ọ̀sán, bẹ́ẹ̀ ni òfurufú ń há ooru mọ́ ẹ̀rọ lára. Àfi kí wọ́n ta pátákó fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí yóò máa tan ooru náà dànù. Bí nǹkan bá sì bàjẹ́, kò sí ẹlẹ́rọ tó máa gun àkàbà lọ tún un ṣe.

Àwa ọmọ Nàìjíríà mọ èyí. NigComSat-1 gòkè ní oṣù Karùn-ún ọdún 2007. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2008, iná tó ń gbà láti ara páńẹ́lì sólà rẹ̀ já, iṣẹ́ rẹ̀ sì parí síbẹ̀. Ohun tó kó wa yọ ni adójútòfò tí wọ́n ti ṣe lé e lórí. Òun ló jẹ́ kí Ṣáínà kọ́ NigComSat-1R dípò rẹ̀, tó gòkè lóṣù Kejìlá ọdún 2011. Ìwé tí wọ́n kọ kí ewu tó dé ló sọ ẹni tí yóò ru òfò.

Níbi yìí gan-an ni ọkàn mi kò ti balẹ̀ nípa àjọṣe tuntun wọ̀nyí. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ṣíìpù bá jẹ́ ti ẹnìkan, tí sátẹ́láìtì jẹ́ ti ẹlòmíràn, tí rọ́kẹ́ẹ̀tì jẹ́ ti ẹnìkẹta, tí dátà sì jẹ́ ti oníbàárà tó jókòó sí Ìbàdàn, ta la máa mú bí nǹkan bá yíwọ́?

Àdéhùn àgbáyé ti ọdún 1967 ní ìjọba ni yóò dáhùn fún ohun tí ilé-iṣẹ́ aládàáni orílẹ̀-èdè rẹ̀ bá ṣe lókè. Ti ọdún 1972 fi kún un pé bí irin bá já lu ilẹ̀ ẹlòmíràn, ìjọba tó rán an yóò sanwó, kò sí àwíjàre. Síbẹ̀, nígbà tí sátẹ́láìtì Soviet kan já sí àríwá Kánádà lọ́dún 1978, nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́fà dọ́là Kánádà ni wọ́n béèrè; mílíọ̀nù mẹ́ta ni wọ́n rí gbà, ó sì di ọdún 1981. Bí ó bá jẹ́ òkè ni ìkọlù ti wáyé, ẹni tó fara gbá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ẹ̀rí hàn pé ẹnìkejì ló jẹ̀bi. SpaceX ti tọrọ àyè fún sátẹ́láìtì tó lè tó mílíọ̀nù kan ní oṣù Kìíní ọdún 2026. Nínú èrò tó tó bẹ́ẹ̀, ta ni yóò rí ẹ̀rí kó jọ?

Ti dátà tún wà níbẹ̀. Àdéhùn 1967 fi sátẹ́láìtì sábẹ́ àṣẹ orílẹ̀-èdè tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bí Amẹ́ríkà bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ọwọ́ Amẹ́ríkà ni àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn wa tó wà nínú rẹ̀ yóò wà, ì báà jẹ́ òkè orí wa ló ń kọjá.

Nítorí náà, kí ìwé àṣẹ kankan tó jáde, kí àwọn alájọṣe kọ orúkọ ẹnìkan ṣoṣo tí yóò dáhùn, kí wọ́n fi owó adójútòfò àti owó tí wọn yóò fi sọ ẹ̀rọ náà kalẹ̀ láìléwu lélẹ̀, kí wọ́n sì sọ òfin tí yóò ṣọ́ dátà oníbàárà. Kí wọ́n tẹ ìwé náà jáde fún gbogbo ayé. Nàìjíríà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ìgbìmọ̀ òfurufú àjọ UN tó ń pàdé ní Vienna, a sì ní òfin ìdáàbòbò dátà láti ọdún 2023. Kí àwọn aṣojú wa gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú ìgbìmọ̀ náà báyìí tí àwọn ẹ̀rọ náà ṣì kéré níye, kí àwọn tó ń ṣọ́ òfin wa nílé má sì jẹ́ kí àkọsílẹ̀ ọmọ Nàìjíríà kankan gòkè láìsí irú ìwé bẹ́ẹ̀.