Ojú Tí Kò Rí Òkun Rí: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìsinmi Àwọn Ará Itele

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú tó ti rí òkun, kì í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Itele, nítòsí Ọ̀tà, mọ òwe yìí lámọ̀sórí. Wọ́n lè kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sínú ìwé ìdánwò kí wọ́n sì gba máàkì. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wọn ni ojú rẹ̀ ti rí òkun rí? Bí ènìyàn bá lè gba ọ̀nà tààrà, òkun Àtìláńtíìkì kò tó 40 kìlómítà sí Itele. Síbẹ̀, èéfín ilé-iṣẹ́, eruku ọ̀nà àti sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ ní Sàngó ni ọ̀pọ̀ ọmọ ibẹ̀ mọ̀.

Kì í ṣe pé àwọn òbí kórìíra ìgbádùn. Iṣẹ́ ọ̀sán wà, iṣẹ́ òru wà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta jẹ́ ti òde ìnáwó, ọjọ́ Àìkú jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí àsáláátù. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá sì ti pa dé, lẹ́sìnnì ni ọmọ ń lọ. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, àṣà olówó ni kí ènìyàn filé sílẹ̀ lọ jókòó sétí òkun, ẹni tó bá sì ń sinmi, ọ̀lẹ ni wọ́n ń pè é. Èrò yìí kò tọ̀nà rárá. Òfin iṣẹ́ ní Nàìjíríà sọ pé òṣìṣẹ́ tó bá ti lo oṣù 12 gbáko lẹ́nu iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi tí kò dín ní ọjọ́ iṣẹ́ 6, kí owó rẹ̀ sì pé. Ẹni tó bá jẹ́ kí ọjọ́ wọ̀nyí ṣòfò ti fi ohun tí òfin fún un tọrẹ.

Níbo wá ni kí ará Itele lọ? Tarkwa Bay ní Èkó yẹ kó ṣáájú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ìjọba amúnisìn kó òkúta ṣe ògiri gígùn wọ inú òkun, kí ọkọ̀ ńlá lè rí ọ̀nà gbà wọ èbúté Èkó. Ẹ̀yìn ògiri yìí ni ìyanrìn ti dúró, tí omi sì rọ̀ níwọ̀nba. Ọkọ̀ ojú omi ni a fi ń dé ibẹ̀, nítorí náà kò sí ariwo mọ́tò. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi pátákó gun ìgbì, eré tí ó wọ ìdíje Òlíńpíìkì fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Tokyo ní ọdún 2021. Ẹni tó bá pe eré yìí ní ti òyìnbó nìkan kò mọ ìtàn. Nínú ìwé tí James Edward Alexander tẹ̀ jáde ní 1837, ó ròyìn àwọn ọmọdékùnrin Accra tí wọ́n ń fi pátákó fẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ ikùn gun ìgbì.

Ṣùgbọ́n òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru. Oṣù Keje sí Kẹsàn-án tí ilé-ẹ̀kọ́ máa ń wà ní ìsinmi gan-an ni ìgbì máa ń ga. Ó dára fún ẹni tó mọ̀ ọ́n gùn. Ó léwu fún ọmọ tí kò mọ̀wẹ̀. Ìdílé tó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́ ì bá dúró de ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kí olúkúlùkù wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì nínú ọkọ̀, kí wọ́n má kọjá ibi tí omi ti rọ̀, kí wọ́n sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní ti owó, àjọ tí wọ́n ń dá fún aṣọ ẹbí lè gbé ìrìn àjò ọjọ́ kan.

Ohun kan tún kù tí kò yẹ kí àlejò gbàgbé. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi lé àwọn olùgbé Tarkwa Bay jáde, wọ́n ní àwọn kan ń lu ọ̀pá epo níbẹ̀. Àjọ Amnesty International sọ pé nǹkan bí 4,500 ènìyàn ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Bí ẹnì kan bá tilẹ̀ jẹ̀bi, ṣé ó yẹ kí tàgbà-tèwe pàdánù ilé? Síbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ kan kò fi ìgbì sílẹ̀. Àlejò tó bá lọ síbẹ̀, kí ó ra ẹja lọ́wọ́ wọn, kí ó sanwó ẹ̀kọ́ fún ẹni tó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ní pátákó gígùn, kí ó sì bọ̀wọ̀ fún wọn bí onílé. Etíkun tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n rọrùn láti gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ibẹ̀.

Kí àwọn òbí Itele bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó láti ìsinsìnyí, kí àwọn olùkọ́ sì bá wọn dá sí i. Nígbà tí ọmọ bá dé láti etíkun, òwe ojú tó rí òkun yóò di ohun tí òun náà lè fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé.