Omi Tó Mọ́ Náà, Àjẹsára Ni

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹni tó bá dàgbà sí Sabon Gari ní Kánò bí èmi yóò mọ ìbéèrè tí àwọn ìyá máa ń bi àwọn tó ń kán àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ sọ́mọ lẹ́nu: "Ẹ ti kán an tẹ́lẹ̀, kí lẹ tún ń wá?"

Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Nígbà tí ìdáhùn kò yá, àhesọ gba ipò rẹ̀. Láti 2003 wọ 2004, ìjọba ìpínlẹ̀ Kánò dá àjẹsára náà dúró, àrùn náà sì ràn dé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn.

Ìdáhùn rèé. Inú ìfun ni àjẹsára ẹnu ti ń ṣiṣẹ́. Ìfun ọmọ tó ń mu omi ìdọ̀tí dà bí ọjà tí kòkòrò mìíràn ti gba gbogbo ìsọ̀ ibẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru àti àìjẹunkánú tún ń dí i lọ́wọ́. Ààbò tí ìyá fún ọmọ láti inú oyún àti nínú ọmú náà lè dí i lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kí ìyá kankan má tìtorí èyí já ọmọ lẹ́nu ọmú o.

Ìwádìí kan tó jáde ní 2008 fi hàn pé ní Nàìjíríà, nínú 100 ọmọ tí kò tíì ní ààbò, nǹkan bí 16 péré ni ìkánsẹ́nu kan àjẹsára olóríṣi mẹ́ta ń gbà lọ́wọ́ oríṣi kìíní àrùn náà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń padà wá. Wọ́n padà wá títí tí wọ́n fi kéde ní oṣù kẹjọ 2020 pé oríṣi àdáyébá rẹ̀ ti tán ní Áfíríkà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àjẹsára rotavirus fún ìgbẹ́ gbuuru, tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní 2022. Nílẹ̀ ọlọ́rọ̀, ó ń dènà ju 80 lọ nínú 100 àìsàn tó le. Níbi tí ìṣẹ́ pọ̀ sí, nǹkan bí ìdajì.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ ká dá ìyá lẹ́bi, ẹ má sì jẹ́ ká pe àjẹsára ní ayédèrú. Gọ́tà ẹnu ọ̀nà àti omi orí ọmọlanke ló yẹ ká bi léèrè. Ìjọba tó ń kán àjẹsára tí kò fa omi ẹ̀rọ ń gbálẹ̀ nínú atẹ́gùn ni: ilẹ̀ lè mọ́, ṣùgbọ́n gbígbá rẹ̀ kò ní tán.

Bí a bá lọ sílé lásìkò ìsinmi, ká sọ fún àwọn ìyá wa kí ọmọ gba gbogbo rẹ̀ pé. Ẹnu kan náà ni ká fi bèèrè omi lọ́wọ́ àwọn tí a dìbò fún.