Ẹ Bi Wọ́n Léèrè: Níbo Ni Ọkọ̀ Ìbàdàn Ń Lọ?

 

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà epo kan tí kò tó 200 náírà fò kọjá 500 náírà lójú ẹsẹ̀. Onímáíkírà fowó kún owó, ọlọ́kadà náà fi kún un. Òṣìṣẹ́ tó ń ti Challenge lọ sí Sẹkitéríàtì l'Ágodi, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé Agbowó, ìyá tó ń ti Akínyẹlé gbẹ́rù wá sọ́jà Bódìjà, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n lára. Ẹ má bínú sí awakọ̀, òun náà ń ra epo. Ìjọba ló yẹ ká bi léèrè: ètò wo lẹ ṣe fún ìrìnnà ìlú yìí, tí kò ní bá gómìnà kan wọlé kó sì bá a jáde?

A ò ní purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ìjọba ìpínlẹ̀ yìí kọ́ ibùdókọ̀ ìgbàlódé sí Òjòó, sí Challenge àti sí Ìwó Road. A rí i, ó dára. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀kùn bá dára tí kò sí yàrá, níbo ni àlejò máa sùn? Ẹ wo rélùwéè tuntun tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021. Kìlómítà 157 ni láti Èkó, Mọ́níyà ló sì parí sí. Ẹni tó bá bá a dé, tó ń lọ sí Ring Road, ìyà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí rélùwéè kọ́kọ́ wọ Ìbàdàn ní 1901, Dùgbẹ̀ ni wọ́n kọ́ ibùdó rẹ̀ sí. Ọjà tẹ̀ lé e, báńkì tẹ̀ lé e, ilé iṣẹ́ tẹ̀ lé e. Ibi tí ọkọ̀ bá gbà ni ìlú ń gbà dàgbà.

Ẹ jẹ́ ká fi Èkó kọ́gbọ́n. Alájì Lateef Jákàńdè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rélùwéè inú ìlú l'Ékòó ní 1983. Ológun gbàjọba ní ìparí ọdún náà, nígbà tó sì di 1985, ìjọba Ọ̀gágun Buhari fagi lé e. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Buhari yìí kan náà, tó ti di ààrẹ alágbádá, ló wá ṣí rélùwéè inú ìlú tí Èkó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́. Ogójì ọdún gbáko! Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tí Jákàńdè bẹ̀rẹ̀ ti bímọ kó tó rí ọkọ̀ náà wọ̀.

Kí ló gba Èkó lẹ́yìn náà? Òfin ni. Ní 2002, wọ́n fi òfin dá LAMATA sílẹ̀ láti máa bójú tó ìrìnnà. Gómìnà mẹ́rin ló ti bá a ṣiṣẹ́, àjọ náà kò kú. Òun ló gbé bọ́ọ̀sì ńlá tó ní ọ̀nà tirẹ̀ jáde ní 2008, láti Mile 12 dé CMS.

Ohun tí ẹgbẹ́ wa ń sọ rèé. Èkíní, kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fi òfin dá irú àjọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún Ìbàdàn, tí gómìnà kan kò ní lè tú u ká. Èkejì, kí bọ́ọ̀sì ńlá ní ọ̀nà tirẹ̀ láti Challenge gba Ring Road, Dùgbẹ̀, Mọ́kọ́lá, Sángò àti Agbowó dé Mọ́níyà, kí ẹni tó bọ́ nínú rélùwéè rí ọkọ̀ wọ̀. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n pààlà sí ilẹ̀ ojú irin àtijọ́ tó gba Dùgbẹ̀ àti Bódìjà lọ sí Lálúpọn, kí ṣọ́ọ̀bù má baà bò ó tán. Oko kì í jẹ́ ti bàbá tọmọ kó má láàlà. Ilẹ̀ tí a bá fi sílẹ̀ lónìí, ọ̀fẹ́ ni. Bí a bá dúró di ọ̀la, ilé onílé la máa wó.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé ti Àbújá ni rélùwéè. Láti oṣù kẹta ọdún 2023 ni wọ́n ti tún òfin orílẹ̀-èdè ṣe, ìpínlẹ̀ sì láṣẹ láti ṣe rélùwéè tirẹ̀.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Olùdíje tó bá wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ yín, ìbáà jẹ́ tiwa, ẹ bi í pé: ọkọ̀ wo lọmọ wa máa wọ̀ lógún ọdún sí i, òfin wo ló sì máa dáàbò bò ó? Ẹni tí kò bá lè dáhùn, ẹ kí i pé ó dàbọ̀. Ẹ tọ́jú káàdì ìdìbò yín o. Òun ni owó ọkọ̀ tí a máa fi dé ibi tí à ń lọ.