Àwìn Ẹja Ẹ̀pẹ́ Nínú Ọ́fíìsì

 

Lẹ́tà tọ̀sẹ̀ yìí, ọwọ́ ìyá kan tó ń ta ẹja yíyan l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, lọ́jà Olúwo, ló ti wá. Obìnrin akọ̀wé ìjọba kan tó ń gbé Ìkòròdú máa ń gba ẹja lọ́wọ́ ẹ̀ láwìn, á kó o lọ síbi iṣẹ́, á tà á fáwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, wọ́n á san bí owó oṣù bá wọlé. Oṣù méjì rèé, owó ò pé. Akọ̀wé ní àwọn tóun tà á fún ni ò tíì san. Ìyá wá ń bi wá pé ṣé kóun lọ bá a ní ọ́fíìsì, kóun pariwo?

Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ.

Kì í ṣe pé a ń gbè sẹ́yìn onígbèsè. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 sọ pé òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ ò gbọdọ̀ máa darí òwò ara ẹ̀. Iṣẹ́ àgbẹ̀ nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀. Ariwo tẹ́ ẹ bá pa níwájú ọ̀gá ẹ̀ lè gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Bíṣẹ́ bá lọ, owó oṣù wo ló máa fi san tiyín? (Ẹja yíyan nínú ọ́fíìsì ìjọba! Òórùn ẹ̀ nìkan ti tó láti fẹjọ́ èèyàn sun ọ̀gá.)

Ẹ lọ bá a nílé ní Sátidé. Ẹ mú ẹni tó mọ ẹ̀yin méjèèjì dání. Kó kọ iye tó kù sílẹ̀, kó sọ iye tó máa san lóṣooṣù, kó buwọ́ lù ú lójú ẹlẹ́rìí. Ẹja tuntun ńkọ́? Ó di ìgbà tí tàtijọ́ bá wọlé.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ẹja ₦20,000 tẹ́ ẹ gbé fún un lọ́jọ́ karùn-ún oṣù, tówó ẹ̀ dé lọ́gbọ̀njọ́, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lowó yín fi sùn. Owó ẹni tó san lójú ẹsẹ̀ ti ra ẹja bí ẹ̀ẹ̀mẹta láàrin ìgbà yẹn. Kí ló dé tẹ́ ẹ ń ta á níye kan náà fáwọn méjèèjì?

Ìwọ akọ̀wé, ọmọ wa, a mọ̀ pé kò rọrùn. Lọ́dún 1981, ₦125 lowó oṣù tó kéré jù. Lọ́dún 2024 wọ́n sọ ọ́ di ₦70,000, ìjọba Èkó ní tòun á jẹ́ ₦85,000. Àmọ́ látìgbà tówó ìrànwọ́ orí epo ti lọ ní 2023, ẹni tó ń wọkọ̀ láti Ìkòròdú lọ Aláùsá mọ ibi tówó ń gbà. Bó o bá fẹ́ fi nǹkan kún un, ẹja àrọ̀ sísìn ń bẹ, iṣẹ́ àgbẹ̀ lòun. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ béèrè iye tóúnjẹ ẹja jẹ́, torí ibẹ̀ lowó ń wọlẹ̀ sí.

Ti káfíńtà Ìkòròdú tó ń fowó akọ̀wé ṣiṣẹ́, ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.